Ẹ̀wọ̀n Mẹ́rin Tí Láògún Kò Rì Mọ́lẹ̀

Òkè-ni-mo-ti-ń-bọ̀, Ilẹ̀-ni-mò-ń-lọ, Má-dínà-mọ́-mi, àwọn awo mẹ́ta tí ilé wọn kọjú sí pápá, àwọn ni wọ́n dífá fún Láògún, Olókùn-ẹṣin ìlú Ọ̀dàn, lọ́jọ́ tí ẹ̀rù àrá ń bà á nítorí ẹṣin ọba. Wọ́n ní kó rúbọ. Kì í ṣe pé kó kàn rú u o. Wọ́n ní kó rú u tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú kí n tó máa bá ìtàn lọ.

Inú máa ń bí mi bí mo bá ń sọ ìtàn yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kọ́ mi, mo sì ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, síbẹ̀ kò tíì rọ̀ mí lọ́kàn. Tí ohùn mi bá lọ sókè, ẹ fara dà á fún mi.

Ìlú pápá ni Ọ̀dàn. Koríko ló yí i ká, igi kò pọ̀, òkè kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́yìn odi. Orí òkè yẹn ni ẹṣin ọba ti ń jẹko, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí eṣinṣin yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹṣin mọ́kànlélógún ni ọba ní. Láògún ni olórí wọn. Òun ló joyè, òun ló ń gẹṣin ṣáájú ọba lọ́jọ́ ọdún, òun ni wọ́n sì ń kí nígbà tí ara ẹṣin bá ń dán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú wọn gan-an ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ̀, Òjélabí, ló ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Òjélabí kú, wọ́n wá ọkùnrin tí yóò rọ́pò rẹ̀ títí, wọn kò rí ẹni tí àwọn ẹṣin gbà kó fọwọ́ kàn wọ́n. Òórùn Àwẹ̀ró ni wọ́n mọ̀. Bó ṣe di Ìyá Ẹṣin nìyẹn, tọmọdé tàgbà kò sì pè é ní orúkọ mìíràn mọ́.

Àwẹ̀ró ló ń gé koríko. Òun ló ń pọn omi. Òun ló ń yọ òkúta kúrò lábẹ́ pátákò wọn. Èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú wọn ni abo ẹṣin pupa kan tí wọ́n ń pè ní Gbémidélé. Òjélabí ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé lọ́jọ́ tí ọfà bà á lójú ogun, tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di ìjánu mú mọ́, ẹṣin náà fúnra rẹ̀ ló mọ̀nà, tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Òjélabí tó kú. Orí ẹní rẹ̀ ló kú sí, Àwẹ̀ró sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oore tí ẹṣin yẹn ṣe fún un kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ayé.

Láti ayébáyé, àtíbàbà oníkoríko ni àwọn ẹṣin ń wọ̀ nígbà òjò. Ikán a jẹ ẹ́, ìjì a ká a, wọ́n a tún un kọ́. Láògún ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó pe Ògúnríndé, àgbà alágbẹ̀dẹ ìlú, ó ní kó fi irin kọ́ àtíbàbà tí ikán kò ní lè fi eyín kàn. Ọdún kan gbáko ni Ògúnríndé àti àwọn ará agbo ilé rẹ̀ fi ṣe é. Òpó rẹ̀ irin, igi àjà rẹ̀ irin, òrùlé rẹ̀ irin tí wọ́n lù pẹlẹbẹ tí wọ́n sì so pọ̀. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó dára. Bí oòrùn bá mú un, àwọn ará oko tó wà ní ìrìn àárọ̀ kan sí ìlú máa ń rí i tó ń dán. Ikán kò sì jẹ ẹ́ lóòótọ́. Orí òkè ló dá wà, kò sí ohun tó ga tó o nítòsí bí kò ṣe ọ̀pẹ kan.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn dé, àrá sán, ó la ọ̀pẹ náà sí méjì láti orí dé gbòǹgbò. Àwọn ẹṣin já okùn, wọ́n sá wọ pápá lọ. Ọjọ́ méjì ni Àwẹ̀ró fi wá wọn jọ, tó ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó kú. Ṣùgbọ́n Láògún kò sùn. Ó mọ̀ pé tí àrá bá pa ẹṣin ọba lábẹ́ ohun tí òun kọ́, oyè ti lọ nìyẹn. Ó mú Àwẹ̀ró dání, ó gba ilé àwọn awo mẹ́ta yẹn lọ.

Má-dínà-mọ́-mi ló sọ̀rọ̀. Obìnrin ni, òun ló sì kéré jù lọ́jọ́ orí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n nígbà tí Ifá ti sọ tirẹ̀ tán, òun ni àwọn yòókù ní kó ṣàlàyé.

Ó ní, "Olókùn-ẹṣin, àrá kò bá yín jà. Òkè ló ti ń bọ̀, ilẹ̀ ló ń lọ. Ohun tó bá ga tó sì dá dúró ló máa ń kọ́kọ́ bà lé. Ẹ̀yin lẹ gbé irin sórí òkè. Ẹ fún un níbi tí yóò bà lé, ẹ kò fún un ní ọ̀nà tí yóò gbà lọ. Tí kò bá rí ọ̀nà, ara ẹṣin ni yóò gbà kọjá."

Láògún dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ ohun tí òun yóò ṣe.

Má-dínà-mọ́-mi ní kó mú àgbò kan, orógbó àti epo, kó fi tọrọ lọ́wọ́ Ṣàngó. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ẹ̀wọ̀n irin mẹ́rin, gígùn, kó ki tó àtàǹpàkò àgbàlagbà. Kí wọ́n so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ igun òrùlé, kó gba ara òpó sọ̀ kalẹ̀, kó wọ inú yàrà tí wọ́n bá gbẹ́, kó sì dé etí odò tó wà nísàlẹ̀ òkè, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ. Kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ fi irin so ẹṣin, wọn kò sì gbọdọ̀ so ẹṣin mọ́ irin. Okùn àti èèkàn igi ni. Ó ní tí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, kí wọ́n tú gbogbo wọn, kí wọ́n dà wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì, kí wọ́n fọ́n wọn ká, kí wọ́n má ṣe kó wọn jọ sábẹ́ igi tó dá wà. Ó ní kí wọ́n má padà sórí òkè títí tí àrá ìkẹyìn yóò fi dákẹ́, tí àkókò tó lè jinná ẹ̀wà ìkòkò kan yóò sì kọjá.

Láògún bèèrè, "Ṣé gbogbo ìyẹn ni ẹbọ?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, Bàbá."

"Èmi rò pé àgbò ni ẹbọ."

"Àgbò wà níbẹ̀. Àgbò nìkan kọ́."

Àwẹ̀ró wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ ketekete. Kó tó délé, ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí.

Ó dáa. Ẹ wá wo ohun tí àgbàlagbà olóyè ṣe. Láògún ra àgbò. Àgbò náà tóbi, ìwo rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe àwọn ìjòyè, ó pe àwọn àgbà agbo ilé gbogbo, ó gbé itan kan ránṣẹ́ sí ọba. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì ń yìn ín pé ó mọ ẹbọ í rú. Eegun ẹ̀yìn ni wọ́n gbé fún Àwẹ̀ró, ó sì jẹ ẹ́, ó rò pé ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Kò mọ̀ pé òpin rẹ̀ ni.

Ògúnríndé rọ ẹ̀wọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó mọ ohun tí wọ́n wà fún, ó sì rọ wọ́n tọkàntọkàn. Ó gbé wọn wá fún Láògún. Láògún fọwọ́ gbọn ọ̀kan wò, ó dún wòròwòrò, ó ń dán. Ó ní, "Irin tó dáa tó báyìí ni wọ́n ní kí n wa yàrà sí? Láti orí òkè dé odò? Ta ni yóò wà á? Ta ni yóò sì rí i nígbà tí a bá wà á tán?"

Ó ní kí Ògúnríndé gé ẹ̀wọ̀n náà kéékèèké, kó ṣe ìkọ́ sí wọn lẹ́nu. Ó ní ẹ̀wọ̀n náà ni wọn yóò máa fi so ẹṣin mọ́ òpó àtíbàbà, kí wọ́n má baà já okùn sá lọ mọ́ bí i ti ọjọ́sí. Ẹ gbọ́ mi o! Ohun tí wọ́n ní kó fi lé ikú lọ, òun ló dè mọ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹranko. Ògúnríndé sì gé e. Alágbẹ̀dẹ tó mọ̀ pé irin ẹbọ ni! Ó ní ìjòyè ló pàṣẹ, kí ni òun fẹ́ ṣe? Ó gé e títí ó fi tán. Ó tó ẹṣin méjìdínlógún. Mẹ́ta yòókù wà lórí okùn àti èèkàn igi, lábẹ́ òrùlé kan náà, nítorí pé irin kò kárí wọn.

Àwẹ̀ró lọ bá Láògún nílé. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní ká má fi irin so wọ́n."

"Ṣé ìwọ ni wọ́n dífá fún?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀yin ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń wà níbẹ̀ tí òjò bá dé."

"Tí òjò bá dé, wọ abẹ́ òrùlé. Ìdí tí mo fi kọ́ ọ nìyẹn. Ẹṣin ọba ni kí n máa dà lọ sínú ẹrọ̀fọ̀ bí ewúrẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ìkúùkù bá dúdú? Mo ti rúbọ. Gbogbo ìlú ló jẹ ẹ́. Máa lọ gé koríko rẹ."

Àwẹ̀ró dìde, ó lọ gé koríko. Ta ni yóò fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn? Gbogbo ẹni tó lè gbà á sílẹ̀ ló ti jẹ nínú àgbò.

Oṣù kan kọjá láìsí nǹkan kan. Láògún bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ìyá Ẹṣin ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá rí i tó ń wo ojú ọ̀run, yóò ní, "Àrá kò tíì dé o, ó ń palẹ̀ mọ́ lọ́wọ́." Àwọn tó tẹ̀ lé e a bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ náà wá pé. Àlejò ń bọ̀ lọ́dọ̀ ọba láti ìlú mìíràn, Láògún sì ti sọ pé àtíbàbà ni òun yóò kọ́kọ́ mú wọn lọ wò, kí wọ́n rí ẹṣin mọ́kànlélógún lórí ìlà. Nígbà tí oòrùn kúrò ní àtàrí, ìhà ìlà-oòrùn dúdú. Afẹ́fẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Àwọn ẹṣin gbé etí sókè, wọ́n ń fi pátákò ha ilẹ̀. Àwẹ̀ró kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn. Ìkọ́ ẹ̀wọ̀n le, ó bó o léèékánná, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, kò wò ó. Bó bá ti tú ọ̀kan, yóò gbá a nídìí, ẹṣin náà yóò sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì. Ó tú mọ́kànlá. Apá òdìkejì ni Gbémidélé wà, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Láògún gòkè dé, ó wọ aṣọ tó fẹ́ fi pàdé àlejò. Ó rí àyè tó ṣófo. Ó figbe ta.

"Ta ló ní kí o tú ẹṣin ọba? Àlejò ti wà lẹ́nu odi!"

"Bàbá, ẹ wo òkè! Ẹ jẹ́ kí n tú àwọn tó kù, ẹ sì bú mi tó bó ṣe wù yín lẹ́yìn náà."

"O kò ní tú ọ̀kan mọ́."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Àwẹ̀ró sáré sí Gbémidélé, ó di ìkọ́ mú. Láògún tẹ̀ lé e, ó gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú, ó wọ́ ọ jáde sórí koríko, ó ń wọ́ ọ lọ, ó ń bú u. Rere kan ṣoṣo tó ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Àrá sán. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun rí i, ìmọ́lẹ̀ kàn gba gbogbo ojú. Àwọn méjèèjì ṣubú. Nígbà tí Àwẹ̀ró gbé orí sókè, etí rẹ̀ ń hó. Ẹṣin méje tí ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ wọn ti wà nílẹ̀. Wọn kò ta pútú. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ṣubú, gbogbo wọn kọ orí sí ibì kan. Àwọn mẹ́ta tó wà lórí okùn dúró, wọ́n ń gbọ̀n, ojú wọn ràn. Àwẹ̀ró wọ́ ara rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ Gbémidélé, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Ara ẹṣin náà ṣì gbóná.

Ẹ rò pé Láògún yóò sunkún? Ẹ rò pé yóò káwọ́ lérí? Ní Ọ̀dàn nígbà náà, wọ́n gbà pé ibi tí àrá bá ti jà, olè wà níbẹ̀, tàbí ẹni tó búra èké. Wọn a lé ẹni náà kúrò nílùú, wọn a sì wó ilé rẹ̀. Láògún ronú kan ìyẹn kí òjò tó dá. Bí àwọn èèyàn ṣe ń gòkè dé, ó na ọwọ́ sí Àwẹ̀ró, ó ní, "Òun nìyẹn! Ó ń jí ọkà bàbà ẹṣin lọ sílé rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni Ṣàngó fi wá."

Àwọn èèyàn sì gbà á gbọ́. Àwọn tó ń rí i láràárọ̀ pẹ̀lú ẹrù koríko lórí! Àwọn tó mọ̀ pé ìyàn kan mú tí obìnrin yìí fi ọkà inú ilé rẹ̀ bọ́ ẹṣin ọba! Wọ́n fi okùn dè é lọ́wọ́. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun bo Gbémidélé, kí igún má baà bà lé e. Wọn kò gbà. Wọ́n ní olè kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tí Ṣàngó pa.

Láògún tún ní tí wọ́n bá ti lé olè náà tán, òun yóò da ẹṣin mẹ́rìnlá tó kù padà sábẹ́ àtíbàbà, òun yóò sì fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí ló gún Àwẹ̀ró lọ́kàn ju orúkọ olè lọ. Òjò ọdún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọba gòkè wá pẹ̀lú àwọn ìjòyè. Mọgbà, àgbà àwọn tó ń sin Ṣàngó, gòkè wá pẹ̀lú wọn, nítorí pé òun ló gbọ́dọ̀ wo ibi tí àrá ti jà kí wọ́n tó dájọ́. Arúgbó ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láògún rojọ́ tirẹ̀. Ó rojọ́ dáadáa. Nígbà tó tán, ọba ní kí Àwẹ̀ró sọ tẹnu rẹ̀.

Kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdúró ló wà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú okùn.

Ó ní, "Kábíyèsí, wọ́n ní Ṣàngó wá mú olè. Ó dáa. Èmi tí wọ́n pè ní olè rèé, mo dúró níwájú yín. Àwọn tó kú rèé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ fún mi, ilé ta ni Gbémidélé fọ́? Nínú àwọn méje yìí, èwo ló búra èké? Ṣé Ṣàngó kò dá ojú èèyàn mọ̀ yàtọ̀ sí ojú ẹṣin ni? Kábíyèsí, wọ́n ní ká má fi irin so wọ́n. Mo gbọ́ ọ. Mo wí. Wọ́n ní kí n lọ gé koríko. Mo lọ gé koríko. Ẹ wo ohun tí mo gé koríko fún!"

 

Mọgbà rọra wọ abẹ́ àtíbàbà. Ó wo òpó, ó rí ibi tó jó dúdú wálẹ̀ láti òrùlé. Ó tẹ̀ lé dúdú náà dé orí ẹ̀wọ̀n, ó tẹ̀ lé e dé ẹsẹ̀ ẹṣin, ó sì rí ibi tí irun ti jó yí ẹsẹ̀ náà ká. Ó lọ bá èkejì, bákan náà ni. Ó wo méjèèje. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró níwájú àwọn mẹ́ta tó wà lórí okùn, ó fọwọ́ pa wọ́n lórí. Ó tú ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ Gbémidélé, ó gbé e wá síwájú Ògúnríndé.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ta nìyí?"

Ògúnríndé wo ilẹ̀. Ó wo Láògún. Ó tún wo ilẹ̀.

Mọgbà ní, "Ògúnríndé, irin ni mo gbé dání. Ṣé o fẹ́ kí n ní kí o fi ahọ́n kàn án kí o tó sọ̀rọ̀?"

Ni alágbẹ̀dẹ bá ya ẹnu. Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, Baba. Irin ẹbọ ni. Mẹ́rin ni mo rọ, gígùn, èyí tí wọ́n ní ká ti igun òrùlé rì dé odò. Olókùn-ẹṣin ló ní kí n gé e."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Má-dínà-mọ́-mi, ó sì tún ẹbọ náà kà níwájú ọba bó ṣe kà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò yọ ọ̀kan, kò fi ọ̀kan kún un.

Láògún gbiná. Ó ní, "Mo rúbọ! Àgbò tí mo pa kò ha tó? Gbogbo yín lẹ jẹ ẹ́! Ta ni kò jẹ ẹ́ níbí?"

Mọgbà ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ṣàngó tí mò ń sìn kì í ṣe afọ́jú, kì í sì í ṣe ọ̀jẹun. O lọ sọ́dọ̀ awo, wọ́n fi ọ̀nà àrá hàn ọ́. O jẹ èyí tó ṣeé jẹ níbẹ̀, o sì fi èyí tó jẹ́ iṣẹ́ de ẹṣin mọ́ ikú. Tí olè bá wà lórí òkè yìí, ẹni tó jí irin ẹbọ ni."

Ọba ṣí fìlà oyè kúrò lórí Láògún lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tú okùn lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Ẹ wá gbọ́ ariwo! Àwọn tó dè é ní àná ni wọ́n ń kí i, "Ìyá Ẹṣin, ẹ kú oríire o! Ìyá Ẹṣin, a mọ̀ pé ẹ kò lè ṣe é!" Àwẹ̀ró kò wo ojú wọn. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo orí Gbémidélé.

Ọba bi í ohun tó fẹ́ kí wọ́n fi tù ú nínú.

Ó ní, "Kábíyèsí, n kò fẹ́ ẹ̀bùn. Ẹbọ kò tíì tán. Kí ẹnikẹ́ni tó jẹ nínú àgbò yẹn lọ mú ọkọ́ wá. Èmi náà jẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń lọ mú tèmi."

Àwọn ìjòyè ń wo ara wọn, aṣọ àrán wà lọ́rùn wọn. Ọba rántí itan tí wọ́n gbé wá fún òun. Ó bọ́ agbádá, ó gbé e fún ìránṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ wá ọkọ́ wá fún òun. Nígbà tí ọba ti wí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò jókòó?

Wọ́n kọ́kọ́ sin àwọn ẹṣin méjèèje sí ẹsẹ̀ òkè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wa yàrà fún ọjọ́ márùn-ún, yàrà mẹ́rin láti òkè dé odò, Láògún sì wà láàrin wọn, ọwọ́ rẹ̀ bó bí i tàwọn yòókù. Ògúnríndé tún ẹ̀wọ̀n tó gé jó pọ̀, ó sì fi kún un níbi tí kò tó. Wọ́n ri ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí odò, omi sì bò ó. Kí wọ́n tó dá erùpẹ̀ padà, Àwẹ̀ró rìn láti òkè dé odò lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń fi ọwọ́ fa ẹ̀wọ̀n wò níbi gbogbo tí wọ́n ti so ó pọ̀. Ibì kan wà tí kò dì dáadáa. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe, ó sì dúró tì wọ́n títí tí wọ́n fi parí rẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú ọ̀run fi dúdú ju ti ìṣáájú lọ. Àwẹ̀ró tú ẹṣin mẹ́rìnlá kúrò lórí èèkàn igi, ó dà wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó fọ́n wọn ká inú àfonífojì. Àwọn ará ìlú ń wò láti ẹnu odi. Àrá bà lé òrùlé irin náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún bà lé e lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n rí i tí ìmọ́lẹ̀ gba igun òrùlé sọ̀ kalẹ̀, tó wọ ilẹ̀, tí a kò sì rí i mọ́. Etí odò rú èéfín díẹ̀. Kò sí ohun mìíràn. Àwọn ẹṣin gbé orí sókè, wọ́n wò yíká, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹko. Òjò dá, ó sì rẹ àwọn èèyàn láti máa dúró, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbójú gòkè títí tí ẹ̀wà ìkòkò kan fi lè jinná, tí Àwẹ̀ró sì ní ó tó.

Bí Ọ̀dàn ṣe bọ́ lọ́wọ́ àrá nìyẹn. Àwọn ẹṣin bímọ, wọ́n di ogójì, àtíbàbà irin náà sì wà níbẹ̀ títí ìpẹtà fi jẹ ẹ́. Ọba fi Àwẹ̀ró jẹ oyè Olókùn-ẹṣin, ó sì jẹ ẹ́ dọjọ́ alẹ́. Wọ́n sì pa àṣà yẹn rẹ́, pé kí a máa pe ẹni tí àrá jà sí lọ́dọ̀ ní olè.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, tí wọ́n bá ka ẹbọ fún yín, ẹ rú èyí tó dùn, ẹ sì rú èyí tó ń ni lára. Ẹ rú u tán, kí ire tó wà nínú rẹ̀ lè tẹ̀ yín lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tó bá kọ ìmọ̀ràn kọ́ ni ìyà rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dé bá. Láògún kò kú. Ó dàgbà, ó rí ọmọ ọmọ. Ẹṣin méje tí kò kọ ẹbọ kankan ni wọ́n sin sí ẹsẹ̀ òkè.